Iṣẹ́ Tí Bàbá Mi Rán Mi sí Ìjẹmọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìgbẹ̀ìn, ní Abẹ́òkúta, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni bàbá mi ń ṣe, káfíńtà ni mo máa ń sọ. Irọ́ ni. Bàbá mi kò kan àga fún ẹnikẹ́ni rí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò kan bẹ́ẹ̀dì. Agbẹ́gilére ni wọ́n, ọmọ agbẹ́gilére, ọmọ-ọmọ agbẹ́gilére. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo ń lọ, tíṣà wa kan a sì máa ka òfin tó ní a kò gbọdọ̀ yá ère, gbogbo kíláàsì á wá yíjú wò mí. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí tí ẹ ń fi ère ṣe ọ̀ṣọ́ sí pálọ̀, tí ẹ tún ń dúró tì í ya fọ́tò, ẹ lè máà mọ bí ojú ṣe máa ń ti ọmọ bíi tèmi nígbà náà. Mo tètè sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ọmọ tí mo jẹ́, torí ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín kò buyì kún mi rárá.

Bàbá mi fúnra wọn kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń gbẹ́ jù nígbà tí mo gbọ́njú, àti òpó ilé, àti àpótí ìjókòó fún àwọn ìjòyè. Lára ilẹ̀kùn wọn lẹ máa ti rí àgbẹ̀ tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ìyá tó pọn ọmọ, ọlọ́pàá tó gun kẹ̀kẹ́ tí fìlà rẹ̀ fẹ́ já bọ́. Kí wọ́n tó fi irin kan igi, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìka kàn án bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, wọ́n á gbé etí sí i, wọ́n á tún gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n lè dìde kúrò nídìí igi náà kí wọ́n ní, "Èyí ṣì ń mumi, ẹ jẹ́ kó sùn." Igi náà á sì sùn lẹ́yìn ilé wa fún odidi ọdún kan. Ìyá mi a máa sọ pé igi ń sinmi nílé yìí ju òun lọ.

Àwọn igi wọ̀nyẹn kò ṣàdédé wá. Ọkùnrin kan wà ní Ìjẹmọ̀ tí gbogbo ilé wa ń pè ní Bàbá Onígẹdú. Ìdílé oníṣòwò tó ti ń kírun láti ayé bàbá-ńlá wọn ni wọ́n ti wá. Gẹdú ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ní lọ́rì méjì tó ń kó o wá láti inú igbó. Bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ fún wa, bàbá mi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan láti tọrọ àjákù igi, wọ́n ní kí wọ́n dúró de ọ̀gá. Níbi tí wọ́n dúró sí, dẹ́rẹ́bà kan ti sùn lọ lórí gẹdú, ó la ẹnu sílẹ̀. Bàbá mi yọ ọ̀bẹ àpò wọn, wọ́n ṣa àpólà igi kékeré kan nílẹ̀, kí ọ̀gá sì tó dé, wọ́n ti gbẹ́ dẹ́rẹ́bà náà tòun ti ẹnu tó là sílẹ̀. Bàbá Onígẹdú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì gbé ère kékeré náà sórí tábìlì wọn. Láti ọjọ́ náà ni lọ́rì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà nílé wa, tí yóò já igi sílẹ̀, tí dẹ́rẹ́bà á ní, "Ọ̀gá ní kí n kí yín."

Bí àwọn méjèèjì ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kírun tán, Bàbá Onígẹdú á wá sílé wa, wọ́n á jókòó sórí gẹdú lábẹ́ igi odán tó wà lẹ́yìn ilé, wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà, wọ́n á máa wo ọwọ́ bàbá mi. Wọ́n lè wà níbẹ̀ fún wákàtí méjì kí gbólóhùn tí wọ́n bá ara wọn sọ máà pé mẹ́wàá. Bí àkókò ìrun alásárì bá tó, bàbá mi á gbé òòlù sílẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn gbá èérún igi kúrò lójú kan, kí ọ̀rẹ́ wọn lè ríbi tẹ́ ẹní sí. Wọn kì í jẹ́ kí èmi tàbí ẹ̀gbọ́n mi bá wọn gbá a.

Oore tí ọkùnrin yìí ṣe fún wa kò ṣeé kà tán, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Lọ́jọ́ tí ìyá mi fẹ́ bí àbúrò mi, nǹkan yíwọ́, ẹ̀jẹ̀ ń dà, kò sì sí mọ́tò nítòsí. Lọ́rì Bàbá Onígẹdú ń kọjá lọ tòun ti gẹdú tó kún inú rẹ̀, àwọn fúnra wọn sì wà níwájú. Wọ́n ní kí wọ́n já gbogbo gẹdú náà sílẹ̀ lẹ́bàá títì lójú gbogbo ayé, wọ́n gbé ìyá mi sínú lọ́rì òfìfo, ó di ọsibítù. Kí wọ́n tó padà dé, àwọn kan ti jí lára igi náà kó. Bàbá Onígẹdú kò mẹ́nu bà á sí wa rí, dẹ́rẹ́bà ló sọ ọ́. Ìyá mi yè, àbúrò mi náà yè.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun kan tí ẹ ti fẹ́ẹ̀ pa tì. Nílé tiwa, ọpẹ́ ọjọ́ oore kò tó. Bí ẹnìkan bá ṣe ọ́ lóore lónìí, wàá dúpẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n ọpẹ́ gan-an di òwúrọ̀ ọ̀la, nígbà tó o bá gbéra nílé tó o lọ sọ pé, "Ẹ ṣeun àná o." Ẹni tí kò bá yọjú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àfi bí ẹni pé kò rí oore náà. Bàbá mi kì í jẹ́ kí ìyẹn bọ́. Bí lọ́rì bá já igi lónìí, ní ìdájí ọ̀la wọ́n á ti wọ ẹ̀wù, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn dé Ìjẹmọ̀. Bàbá Onígẹdú á ní, "Kí ni mo ṣe? Ṣé torí igi lásán lẹ ṣe wá ń fi ọyẹ́ lura?" Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, bàbá mi á sì padà sílé. Ìyá mi a máa pa á lówe fún wa pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Oore náà wá dé ara tèmi, ibẹ̀ ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Onígẹdú ní ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, kíláàsì kan náà la wà. Aṣọ tó bá ti há mọ́ ọn, ìyá rẹ̀ á fọ̀ ọ́, á lọ̀ ọ́, á fi ránṣẹ́ sí ìyá mi. Aṣọ dáadáa ni wọ́n. Ọ̀kan wà nínú wọn tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọsàn, tó ní kọ́là funfun. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi ayẹyẹ ìparí ọdún níléèwé, ọmọ náà wá bá mi, ó fọwọ́ tún kọ́là ṣe fún mi lọ́rùn, ó ní, "Ó tilẹ̀ yẹ ọ́ jù mí lọ." Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ó fẹ́ràn mi ni. Nígbà náà, ńṣe ló dà bí i kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí àwọn ológun kọ́kọ́ gbé ìjọba fún alágbádá, tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, Bàbá Onígẹdú lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tí wọ́n wá dágbére, wọ́n bi bàbá mi pé kí ni kí àwọn bá wọn mú bọ̀. Bàbá mi ní, "Ẹ ṣáà gbé ara yín bọ̀." Àmọ́ kí ọjọ́ ìrìn àjò náà tó pé ni bàbá mi ti wọ ẹ̀yìn ilé lọ, tí wọ́n gbé pákó igi apá kan jáde, igi pupa líle kan tó ti sùn fún bí ọdún mẹ́rin. Lọ́wọ́ Bàbá Onígẹdú kan náà ló ti wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe àtẹ Kùránì.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, àtẹ yìí ni wọ́n ń gbé Kùránì lé bí wọ́n bá ń kà á, kí ìwé náà má baà kan ilẹ̀. Apá méjì ló ní, tí wọ́n gba inú ara wọn kọjá. Bó o bá là á, á dúró fúnra rẹ̀. Bó o bá pa á dé, á di pákó pẹrẹsẹ kan. Káfíńtà lásán á fi irin so igi méjì pọ̀ ni. Bàbá mi ní rárá o, inú pákó kan ṣoṣo ni àwọn máa ti gé e, kò ní í sí ìṣó, kò ní í sí gọ́ọ̀mù, apá méjèèjì á máa yí nínú ara wọn, wọn ò sì ní lè jáde. Wọ́n fi igi yẹpẹrẹ dán an wò, ó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n lọ bi àfáà kan ládùúgbò léèrè ohun tí ẹ̀sìn gbà láàyè, àfáà ní kò gbọdọ̀ sí ojú, kò gbọdọ̀ sí imú. Bàbá mi, tí èèyàn kì í wọ́n lára igi wọn, wá fi oṣù méjì gbẹ́ ewé àti ọnà híhun bíi ti ẹní. Mo máa ń bá wọn níbẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Mi ò rí kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí iṣẹ́ mìíràn rí.

Bàbá Onígẹdú dé láyọ̀, wọ́n di Alhaji. Wọ́n fi wàsí àti ìkíni sí ọjọ́ Àìkú. Gbogbo èèyàn ló ń múra ẹ̀bùn tí wọ́n máa gbé lọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n bàbá mi ní àwọn kò ní í gbé tiwọn síwájú èrò, pé ọpẹ́ tí a bá ṣe lójú èrò, èrò ló ni ín. Ní òwúrọ̀ Sátidé, wọ́n pa àtẹ náà dé, wọ́n fi àpò ìrẹsì kan tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ dì í, wọ́n fi okùn so ó, wọ́n sì gbé e rù mí.

"Sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ wọn ní ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà. Pé ohun tí ọwọ́ òun mọ̀ ọ́n ṣe nìyí. Má gbé e fún ìyàwó ilé, má gbé e fún ọmọ. Ọwọ́ àwọn fúnra wọn ni kó o fi lé."

Ìyá mi ní irú iṣẹ́ báyìí kì í ṣe ohun tí a ń fi aṣọ ilé jẹ́. Wọ́n gbé aṣọ aláwọ̀ ọsàn yẹn wọ̀ mí.

Mo gba Ìtòkú kọjá, àwọn aláàdìrẹ ti ń sá aṣọ, mo dé Ìjẹmọ̀. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin ló jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé Bàbá Onígẹdú, wọ́n ń dirun sílẹ̀ de ọ̀la. Ẹgbẹ́ mi wà láàárín wọn. Àwọn yòókù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí wọ́n ti Èkó wá ni. Ọ̀kan nínú wọn rí mi láti ọ̀kánkán, ó ní, "Aṣọ ẹ kọ́ nìyẹn, tó o wọ̀ nígbà Iléyá èṣí?" Òmíràn ní, "Ta lọmọ yẹn?" Mo gbọ́ tí ẹgbẹ́ mi dáhùn ketekete, pé, "Ọmọ agbẹ́gilére bàbá mi ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sí èébú nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣé mo kì í ṣe ọmọ agbẹ́gilére ni? Ṣé bàbá rẹ̀ kọ́ ló ń fún wa ní igi ni? Ṣùgbọ́n láti àárín wọn ni mo gbọ́dọ̀ gbà kọjá wọlé, kí n kúnlẹ̀ nínú aṣọ náà, kí n sọ pé ohun tí ọwọ́ bàbá mi mọ̀ ọ́n ṣe nìyí. Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín. Mo kọjá lọ bí ẹni pé ilé mìíràn ni wọ́n rán mi sí.

Èrò mi ni pé kí n sá pamọ́ díẹ̀ kí wọ́n dirun tán. Ẹrù náà wúwo, ọrùn ti ń ro mí. Mo padà sí Ìtòkú, mo yà sẹ́yìn ilé àwọn aláàdìrẹ, níbi tí wọ́n ti ń se ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ya aṣọ. Igi ìdáná pọ̀ níbẹ̀ bí òkè. Mo ki ẹrù mi sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e, mo sì lọ ń wo ọjà kiri. Mo padà lọ yọjú sí Ìjẹmọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, wọ́n ti wọlé. Mo sáré lọ gbé ẹrù mi.

Mi ò bá a níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń koná ni mo bá, ó ń ti igi mọ́ abẹ́ ìkòkò. Mo rí àjókù okùn bàbá mi nílẹ̀. Mo rí etí pákó kan tó yọ jáde lábẹ́ ìkòkò náà, ewé wà lára rẹ̀, iná ti jó o dé ìdajì. Pákó dídì ni ẹni tó ki í bọná rí, ta ló máa tú àpò kó tó dáná? Ó wò mí, ó ní, "Kí lo ń wá?" Mo ní mi ò wá nǹkan kan.

Mo sunkún dé ibi olómi kan lápá ilé wa tí a máa ń pè ní Igbó Adágún, mo bọ́jú níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, bàbá mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ gbọ́ o, mo ti pinnu lójú ọ̀nà pé màá jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ojú tí mo bá lójú wọn, ojú ọmọdé tó ń retí ìyá rẹ̀ láti ọjà ni. Wọ́n ní, "Ṣé o fi lé wọn lọ́wọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n wí?" Mo ní wọ́n ní ẹ ṣeun. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n là á?" Mo ní wọ́n là á, wọ́n gbé e wọ yàrá. Bàbá mi mi orí, wọ́n wọ ẹ̀yìn ilé lọ, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń súfèé.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n wọ àgbádá lọ síbi ìkíni náà lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ̀bùn kún ilé: aago ògiri, ẹní, àgbò méjì. Bàbá Onígẹdú dì mọ́ wọn níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n fún wọn ní omi Sàmúsàmù tí wọ́n gbé ti Mẹ́kà bọ̀, àti èso dàbínù. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa àtẹ. Báwo ni wọ́n ṣe máa sọ ọ́? Nígbà tí bàbá mi padà dé, wọ́n tún pè mí. "Ọwọ́ ta lo fi lé?" Mo ní, "Ọwọ́ àwọn fúnra wọn, Bàámi." Wọn kò tún bi mí mọ́ láéláé.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ajé, bàbá mi jókòó. Ìyá mi ní ṣé wọn kò ní í lọ dúpẹ́ àná ni, pé dàbínù ńkọ́? Bàbá mi ní, "Tèmi tí mo gbé lọ, wọn ò rí i. Èmi náà ò rí tiwọn." Ìyá mi bẹ̀ wọ́n pé ó lè jẹ́ pé èrò pọ̀ ni. Bàbá mi ní rárá, ó ti yé àwọn: ọ̀rẹ́ àwọn ti di Alhaji, ọwọ́ tó ń gbẹ́ ère kọ́ ni wọ́n máa fẹ́ gbé Kùránì lé mọ́. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ya ẹ̀sìn sọ́tọ̀ nílé wa.

Ní ìlú kan náà, ẹsẹ̀ díẹ̀ sí wa, wọ́n ń ya á sọ́tọ̀ níbòmíràn. Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹgbẹ́ mi bá mi ní kíláàsì, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Màmá mi ní bàbá ẹ ń bínú pé bàbá mi lọ Mẹ́kà, torí onígbàgbọ́ ni yín. Wọ́n ní bàbá ẹ nìkan ló wá lọ́wọ́ òfìfo, kò sì wá dúpẹ́ àná. Ṣé òótọ́ ni?" Ẹ wò mí bí mo ṣe dúró níbẹ̀. Nínú gbogbo Abẹ́òkúta, èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń ṣe àwọn àgbà méjèèjì. Mo ní mi ò mọ̀.

Nígbà tí ó tó bí oṣù kan, lọ́rì gbé igi ọmọ̀ ńlá kan wá. Bàbá mi kò jẹ́ kí wọ́n já a sílẹ̀. Wọ́n ní kí dẹ́rẹ́bà bá àwọn kí ọ̀gá rẹ̀, kó gbé igi náà padà. Dẹ́rẹ́bà dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, wọ́n kọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Bàbá Onígẹdú fúnra wọn wá. Wọ́n jókòó sórí gẹdú lábẹ́ igi odán bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, bàbá mi ní ẹ kú ìjókòó. Kò sẹ́ni tó bèèrè nǹkan kan. Báwo ni bàbá mi ṣe máa bèèrè pé ẹ̀bùn tí mo fún yín dà? Báwo ni Bàbá Onígẹdú ṣe máa bèèrè pé kí ló dé tí ẹ ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi? Ohun tí àgbàlagbà Ẹ̀gbá kò jẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nìyẹn. Mo ń bó ẹ̀gẹ́ ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí wọn. Gbólóhùn kan ni, ó wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Nígbà tí ìrun alásárì tó, Bàbá Onígẹdú wo ilẹ̀, èérún igi wà káàkiri, bàbá mi kò gbá a. Wọ́n dìde, wọ́n lọ kírun nílé wọn. Wọn kò tún wá mọ́.

Bí igi ṣe dáwọ́ dúró nìyẹn, ilẹ̀kùn gbígbẹ́ náà dáwọ́ dúró. Èrúkọ́ àti ọmọ odó ni bàbá mi ń ṣe títí wọ́n fi darúgbó. Ọwọ́ tó gé àtẹ yẹn jáde nínú pákó kan ṣoṣo, èrúkọ́ ló ń gbẹ́. Òun ni wọ́n fi rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Bí mo bá délé nígbà ọlidé tí mo bá wọn nídìí rẹ̀, ojú á tì mí débi pé mi ò ní lè jẹun.

Bàbá mi kú ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Mi ò sọ fún wọn. Mo máa ń wí fún ara mi pé ara wọn kò le, kí n má dá kún un. Irọ́ nìyẹn náà. Kí a tó wá ẹni tó máa kan pósí, lọ́rì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa tòun ti pákó ìrókò gbígbẹ, èyí tó dára jù ní Ìjẹmọ̀. Alhaji wà níwájú lọ́rì náà, wọ́n ti ń fọ̀pá rìn. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lábẹ́ igi odán.

"Ọmọ mi, nígbà tí mo ti Mẹ́kà dé, mi ò fẹ́ ẹ̀bùn. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìkíni ni mo ń wò. Mo ti jí, mo ti múra, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń dúró kí bàbá ẹ wá kí mi bó ti máa ń kí mi. Mi ò mọ ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́. Bó o bá mọ̀, sọ fún mi, kí èmi náà lè sinmi."

Mi ò kì í ṣe ọmọdé mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Tíṣà ni mí, mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa sọ òtítọ́. Èrò ló wà káàkiri, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ń wò mí, mo wọ aṣọ dúdú tó bá mi mu dáadáa. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mi ò mọ̀ o, Bàbá. Wọn ò sọ fún wa." Wọ́n ní kò burú, wọ́n súre fún mi, wọ́n fọ̀pá rìn padà lọ. Ẹ lè dárí ji ọmọ ọdún mọ́kànlá. Èyí tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn, ta ni yóò dárí rẹ̀ jì mí? Alhaji náà ti dolóògbé kí ọdún mẹ́ta tó pé.

Ayé ti yàtọ̀. Lónìí, bí mo bá fi nǹkan rán àwọn ọmọ-ọmọ mi, kí wọ́n tó padà dé, fóònù mi ti dún, ẹni tí mo rán wọn sí á ní: "Màmá, ó ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ o, ẹ ṣeun." Bó ṣe parí nìyẹn, kò sí ẹ ṣeun àná mọ́. Mo máa ń bá wọn jà pé wọn ò mọ ọpẹ́ dú. Ṣùgbọ́n ìjà náà kì í dénú mi, torí ká ní fóònù wà nígbà náà ni, ìpè kan ì bá tú àṣírí mi, wọn ì bá nà mí dáadáa, àwọn ọ̀rẹ́ méjì ì bá sì jókòó pọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lé ní ogójì, òtítọ́ ò tíì bá a, torí èmi nìkan ni mo mọ ọ̀nà tó gbà lọ.

Ẹgbẹ́ mi ìjọ́sí ṣì ń gbé ní Ìjẹmọ̀, òun náà ti di Alhaja. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ kí i lọ́dún yìí pẹ̀lú ìpinnu pé màá sọ ọ́. Mo jókòó, mo mu omi, a sọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dùn wá, a sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Lẹ́ẹ̀kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ní, "Títí bàbá wa fi kú ni wọ́n ń sọ pé àwọn ṣẹ bàbá yín, àwọn ò mọ ohun tí àwọn ṣe." Mo ní ó ti pẹ́, ká fi sílẹ̀. Mo sì dìde, mo ní ilé ń pè mí. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí, ẹnu mi kọ̀ láti sọ ọ́. Alhaja, bí wọ́n bá ka èyí sí ọ létí, bàbá rẹ kò ṣẹ bàbá mi. Bàbá mi dúpẹ́. Odidi oṣù méjì ni wọ́n fi dúpẹ́. Èmi ni mi ò jíṣẹ́.